Wọ́n Ní Kí N Jẹ́rìí Láì Fi Ọlọ́hun Kún Un

Ẹ foríjì mí, orí mi ti ń jò. Mo lè wọ yàrá kí n má mọ ohun tí mo wá mú. Ṣùgbọ́n ti kóòtù yìí ò tíì jò lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà, ó ti kú. Nígbà tó wà láyé, lójú mi báyìí, ó fún ìyàwó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge n'Ílọrin níbí, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bí a ṣe sin ín tán, àbúrò rẹ̀ ní ogún ni, pé kò sẹ́ni tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Opó náà wá bá mi. Ó ní, "Bàbá, ẹnu yín ló kù fún mi o."

Ẹnu ta ló wá mú. Èmi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bi mí bóyá òjò rọ̀ lánàá, màá ní ó jọ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́hun ló mọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

Ní kóòtù, mo fọwọ́ lé Àlùkùránì, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, mo wá ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀ jù." Lọ́yà àbúrò yìí dìde bí ẹni rí ẹran. Ọmọ Ìlọrin bíi tèmi ni, àmọ́ òyìnbó ló ń sọ, akọ̀wé kóòtù ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní ṣé èmi ò mọ̀ nìyẹn. Ó tún ní mi ò sí níbẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà. Lọ́yà tí kò tẹ ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi rí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò ní bóyá, kò ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn nìyẹn, kí ohun tí ojú wọn ò rí máa dá wọn lójú. Ìwé pọ̀ lóòótọ́.

Opó náà ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo omi tí kò tíì hó.

Alikali, adájọ́ kóòtù náà, ní, "Bàbá, Ọlọ́hun mọ̀, a ò jiyàn. Àmọ́ ẹ̀yin ni mo pè wá jẹ́rìí. Ó fún un ni, àbí kò fún un?"

Mo ní, "Ó fún un." Mo panu dé síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ìhòhò lẹ́nu mi.

Ẹlẹ́rìí kan ò tó, wọ́n ní kí obìnrin náà fi ìbúra tirẹ̀ kún ẹ̀rí mi. Ó búra. Ṣọ́ọ̀bù di tirẹ̀.

Níta, àbúrò yẹn ní, "Alhaji, ìgbà wo lẹ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ?"

Mo ní, "Òní ni, lọ́dọ̀ lọ́yà rẹ."

Ó tó. Ọmọ mi, kà á sókè kí n gbọ́ bóyá ohun tí mo sọ lo kọ.