Pupa Ìyá Perfecta

Bí o bá fẹ́ kí Fidelina Archuleta lé ọ jáde bí ajá, wọ búláòsì pupa wọnú yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ṣàwàdà o. Ògiri yàrá náà, àwọ̀ eérú ni. Kọ́tìnì, àwọ̀ eérú. Ẹ̀wù tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé wọ̀ sórí aṣọ láràárọ̀, eérú náà ni. Fadá wa wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan tòun ti ṣálì pupa lọ́rùn, ó ní òun fẹ́ wo fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tẹ̀. Fidelina ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde. Pupa ọrùn yín ti ń ta sójú kọ̀ǹpútà mi, gbogbo àwọn ẹni mímọ́ ti ń pọ́n bí ẹni tó mutí yó." Fadá sì jáde. Ta ni yóò bá a jà?

Nílé ìtẹ̀wé Leroy Montaño ní ìlú Española, Fidelina ni ojú. Leroy ló nilé, Leroy ló ni ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí ayàwòrán bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Fidelina ni yóò ní òun ń wá. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò nínú òkùnkùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Òun jókòó tì í bí ìyá ṣe ń jókòó ti ọmọ olójòjò, títí ó fi mọ ìwà rẹ̀. Ayàwòrán tó bá wá ń pariwo pé àwọ̀ orí ìwé kò jọ tojú kọ̀ǹpútà, èsì kan ló máa ń gbà lẹ́nu rẹ̀: "Iná ni tojú kọ̀ǹpútà. Ẹrẹ̀ ni íǹkì. Ìgbà wo lo rí ẹrẹ̀ tó tàn bí iná? Jókòó síbẹ̀, kí n fi ẹrẹ̀ bá ọ wá a."

Yóò wá mú ẹ̀rọ ìwọ̀n àwọ̀ kékeré kan, yóò fi wọn ojú kọ̀ǹpútà, yóò fi wọn ìwé tí íǹkì ti gbẹ lórí rẹ̀, títí àwọn méjèèjì yóò fi máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò gbé ìwé sábẹ́ iná funfun, yóò tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò wò ó. Bó bá wù ú, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un díẹ̀. Díẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ayàwòrán ń torí rẹ̀ wá. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni Fidelina fi ń jẹun, ojú náà ló sì fi ń yangàn.

Ọdún tí iná jó orí òkè mọ́lẹ̀ ni Ofelia Maes wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ofelia yìí, ahunṣọ ni, ní Chimayó. Iná náà jó ilé ìyá rẹ̀ kanlẹ̀. Wọ́n gbé ìyá jáde, wọn ò rí nǹkan mìíràn gbé.

"Àǹtí Fidelina, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ofelia, kú ìrọ́jú. Ìyá Perfecta ńkọ́?"

"Wọn ò jẹun mọ́, Àǹtí. Dókítà ní ká gbé wọn wálé, ká máa mú ara tù wọ́n. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ibi tí ìyẹn ń lọ."

Fidelina mọ̀ ọ́n. Ó fa àga fún un.

Aṣọ ìbora kan ló wà, tí Ìyá Perfecta hun kí wọ́n tó gbé e níyàwó. Òun ló fi ń bora lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún, òun ló fi gbé gbogbo ọmọ rẹ̀ wálé, ó sì ti sọ fún tọmọdé tàgbà pé òun ni kí wọ́n fi di òun sin. Iná jẹ ẹ́. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyá á bèèrè pé, "Aṣọ mi dà?" Wọ́n á ní iná ti jó o. Á sunkún. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, á ti gbàgbé, á tún bèèrè.

"Mo fẹ́ hun òmíràn," ni Ofelia wí. "Mo ti ta á sórí òfì, òwú funfun àti dúdú ti wà nílẹ̀. Pupa ló kù. Kòkòrò orí ọrọ́ tí a fi ń rẹ pupa, tí Ìyá fi ọwọ́ ara wọn lọ̀, wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìkòkò kan péré ló máa tó. Òmíràn ò lè dé kí wọ́n tó lọ. Bí mo bá ba ìkòkò yẹn jẹ́, Àǹtí, ó parí nìyẹn. Mi ò sì rántí pupa yẹn dáadáa. Mo rò pé mo rántí ni, àfi ìgbà tí mo gbé òwú dání, gbogbo pupa ló wá ń jọra lójú mi."

Fọ́tò kan ló kù. Àwọn kan ti ya aṣọ náà rí fún àfihàn, Ọlọ́run sì ṣe é, àwọn tó mọṣẹ́ ni: wọ́n fi kádì aláwọ̀ kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọ̀ eérú wà láàárín. Ofelia fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí pupa rẹ̀ jẹ́ pupa aṣọ gan-an, kí òun lè mú ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò.

"Mo mọ pupa yẹn," ni Fidelina wí. "Ẹ̀yìn ìyá ẹ ni mo máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì Truchas, nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀. Máa lọ sílé. Èmi fúnra mi ni màá gbé e wá fún ẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Fidelina ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí iná ọkọ̀ ti ń fọ́n ká sí i lójú lálẹ́ bí ẹni da ìyẹ̀fun. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ìdọ̀tí náà ò kúrò. Ó ní eruku ni. Ó ní eéfín iná orí òkè ni. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, Fidelina sì sùn, ó tún hanrun.

Ó jókòó ti fọ́tò náà. Ó fi eérú inú kádì júwe fún kọ̀ǹpútà ohun tó yẹ kó jẹ́ eérú, gbogbo àwọ̀ yòókù sì tò sáyè wọn. Ó wọ̀n ọ́n. Ó bára mu. Ó tẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kó gbẹ, ó gbé e sábẹ́ iná funfun. Pupa yìí kọ́! Èyí pọ́n bíi bíríkì. Pupa Ìyá Perfecta jinlẹ̀, ó ní aró díẹ̀ nínú. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó bu aró sí i. Kò tó. Ó tún bù ú sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún bù ú, títí ó fi gbé ìwé kan sábẹ́ iná tó rí pupa ìgbà èwe rẹ̀ níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Leroy ló bá yọjú. Ó wo ìwé náà, ó yí ojú kúrò, ó tún wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Èyí ti ń lọ sí elése àlùkò."

"Lójú ta ni?"

"Lójú tèmi."

"Ojú tìẹ wo? Ojú tó wọ ṣòkòtò àwọ̀ ewé lọ síbi ìsìnkú, tó ní dúdú ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ojú mi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé tẹ́ ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ló bá fọ́tò mu."

"Ṣé ẹ̀rọ ìwọ̀n ló bá mi jókòó ní Truchas ni? Leroy, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Fi mí sílẹ̀ jàre."

Leroy náà bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó kàn mú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, ó tì í sábẹ́ èkejì nínú àpò tí Fidelina fẹ́ gbé lọ, ó sì jáde. Fidelina rí i. Ó fẹ́ yọ ọ́ sọnù, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ti ń rìn káàkiri inú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá wá jókòó wàyí: bó bá jẹ́ Leroy ló tọ̀nà, kí ni òun Fidelina kù fún? Obìnrin arúgbó kan tó ń lé àlùfáà jáde? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó pa àpò dé.

Ọ̀sán gangan ló dé Chimayó. Ofelia ti dáná sí àgbàlá, ìkòkò ńlá ti ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́, ìdì òwú funfun ti rin, wọ́n tò sínú agbada lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ojú fèrèsé, Fidelina ń gbọ́ ohùn Ìyá Perfecta nínú ilé: "Ofelia! Aṣọ mi dà?"

"Ó ń bọ̀, Ìyá!" Ofelia gba ìwé lọ́wọ́ Fidelina. Ó ti òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọnú ìkòkò, ó fà á yọ, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó gbé e lé orí ìwé nínú oòrùn.

"Àǹtí, ó dà bíi pé..."

"Pé kí ni?"

"Kò sí o. Mo rò pé... Rárá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Pupa tèmi ló mọ́ jù." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé abọ́ omi eérú kan tó ti sẹ́ kalẹ̀. "Èyí ló máa tì í lọ síbi tí ìwé yín wà. Bó bá ti wọlé, kò ṣeé yọ mọ́ o. Ṣé kí n dà á?"

Fidelina fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ yí, eéfín igi gbá a lójú ọ̀tún, ojú ta á bí ata. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó sì fi òsì nìkan wo ìwé tó wà lórí tábìlì.

Elése àlùkò ni.

Ó gbé ọwọ́ sí ojú òsì, ó fi ọ̀tún tó ń ṣomi wò ó. Pupa Truchas. Ó tún pààrọ̀. Elése àlùkò, bí ìgò wáìnì. Ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń bẹ ojú ara rẹ̀. Ojú méjèèjì ò fẹnu kò. Ofelia ti tẹ abọ́ sórí ìkòkò.

"Dúró! Má dà á! Ofelia, gbé abọ́ yẹn kúrò níbẹ̀!"

Ofelia fò sẹ́yìn, omi eérú ta sílẹ̀, kò kan ìkòkò. "Ẹ̀ẹ́! Àǹtí, kí ló dé?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Fidelina, ó ti se jinná: pé Leroy ló kó ìwé mìíràn sínú àpò, pé íǹkì ló bàjẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ìyá Perfecta tún ké láti inú ilé pé, "Aṣọ mi dà?" Irọ́ náà kú sí i lẹ́nu.

"Ojú mi ni," ló wí. "Ojú mi ti bàjẹ́, Ofelia. Mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Leroy sọ fún mi, mo fi í ṣẹ̀sín. Ìwé yìí, irọ́ ni." Ó fa èkejì yọ nísàlẹ̀ àpò. "Èyí ni ẹ̀rọ ṣe kí n tó fọwọ́ bà á jẹ́. Gbà á. Ojú tìẹ ni kó o fi wò ó, má bèèrè lọ́wọ́ mi."

Ofelia gbé òwú tẹ́ẹ́rẹ́ náà lé ìwé kejì. Òwú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Àǹtí, mo ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rí i o. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́ ju ojú mi lọ."

"Mo mọ̀," ni Fidelina wí. "Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Rẹ òwú ẹ, jàre."

Wọ́n rẹ ẹ́. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí ìdì àkọ́kọ́ gbẹ díẹ̀, Ofelia gbé e wọlé, ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀. Fidelina dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè sọ bóyá pupa náà pé, kò sì gbọ́dọ̀ sọ. Ìyá Perfecta fọwọ́ pa òwú náà, ó gbé e súnmọ́ ojú nínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ta ló bá mi rí aṣọ mi?" ni ìyá wí. Kò sì bèèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìyá kú, aṣọ tí Ofelia hun ni wọ́n fi dì í sin. Fidelina wà níbẹ̀, ó wọ aṣọ dúdú, ojú rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn, kò rí pupa náà bó ti yẹ. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ló ti bọ́ ẹ̀wù eérú rẹ̀ fi kọ́ ìṣó níwájú Leroy, tó ní, "Òótọ́ lo sọ. Mi ò ríran mọ́." Leroy ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní awọ ti bo ẹyin ojú méjèèjì, tọ̀tún ló burú jù, ó ti pọ́n rúsúrúsú bíi tíì àná, kì í jẹ́ kí aró wọlé. Wọ́n ní àwọn lè yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ̀tún ná.

Ọjọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, kò jẹ́ kí wọ́n gbé òun relé. Ilé ìtẹ̀wé ló ní kí Leroy gbé òun lọ. Ó wọ yàrá eérú, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fọ́nrán òwú kan tí Ofelia fún un lọ́jọ́ ìrẹ òwú, tí kò tíì wò láti ìgbà náà, ó gbé e sábẹ́ iná funfun. Ó gbé ìwé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ojú tuntun wò wọ́n. Òwú náà ni pupa Truchas, kò sí iyè méjì. Elése àlùkò pátápátá ni ìwé náà, ẹni tó bá ń kọjá lọ lójú títì gan-an á rí i. Ó dúró síbẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Leroy," ló wí, "nígbà tó o rí ìwé yìí, kí ló dé tó ò gbá mi létí?"

Leroy wo ẹ̀wù eérú lórí ìṣó, ó wo Fidelina.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ta ló tó bẹ́ẹ̀?"