Ìyá Ẹ-Tò àti Ẹni Tó Wà Nínú Mọ́tò

Kò sí ẹni tó fẹ́ràn Ìyá Ẹ-Tò ní ilé ìwòsàn náà, òun náà kò sì fẹ́ràn ẹnikẹ́ni. Dókítà ló ń wo àìsàn, òun ló ń ṣọ́ àwọn aláìsàn: ta ló kọ́kọ́ dé, ta ló ń yọ́ kọjá, ta ló ń ké pé ẹsẹ̀ ń ro òun, àmọ́ tí ẹsẹ̀ kò ro ó nígbà tó ń sáré du àga. Ilé ìwòsàn kékeré ni, kò sí ibi ìsùn níbẹ̀. Wọ́n á wò ọ́, wọ́n á fún ọ lóògùn, wàá sì máa lọ sílé rẹ.

"Ẹ tò!" ló fi ń kí wọn láràárọ̀, dípò ẹ káàárọ̀. Ó wí i títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó sì yí i díẹ̀, wọ́n ní Ìyá Ẹ-Tọ̀, nítorí òun náà ló ń pín ike ìtọ̀ fún àyẹ̀wò. Ó ń gbọ́ ọ. Kì í dá wọn lóhùn, á kàn rí i dájú pé ẹni tó sọ ọ́ pẹ́ lórí ìjókòó títí ìdí rẹ̀ á fi kú tipiri.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kó tó débẹ̀, ẹni tó lè jà ló ń rí dókítà, arúgbó á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òun ló to àga mọ́ ògiri, òun ló gé páálí tó fi ṣe nọ́ńbà, òun náà ló sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé ẹni tí kò lè mí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ tò, kí wọ́n wọlé tààrà. Ó ti dá ọ̀gá ọlọ́pàá kan padà sórí àga rí nítorí òfin yìí, ọkùnrin náà sì jókòó wọ̀ọ̀.

Ẹnì kan wà tó kórìíra ju gbogbo àwọn tó ń yọ́ kọjá lọ: àbúrò ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀, ọkùnrin yìí dìde láàárín èrò, ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi mọ aláìsàn-án tò. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló to ẹ̀gbọ́n mi sí, ibẹ̀ náà ló sì kú sí." Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ẹ-Tò kò kí i mọ́, kò kí ìyàwó rẹ̀. Ó sì fa ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo létí pé, "Tí mo bá gbọ́ pé o tẹ ilé yẹn, èmi pẹ̀lú ẹ ni." Ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá ti lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò forí lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, níbi tí Ìyá Ẹ-Tò ti ń bá awakọ̀ kan fa ọ̀rọ̀ lórí àga, ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ lójú fèrèsé sáré wọlé. Kò tíì pẹ́ tó débẹ̀, kò mọ ẹbí ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀gá, obìnrin kan wà níta, ó ní ọkọ òun ò lè mí. Ó wà nínú mọ́tò. Ó ní kí n ṣáà sọ fún yín pé ọkọ òun ni, ó ní ẹ máa mọ̀."

Ìyá Ẹ-Tò na ọrùn wo ìta. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ló rí, tó dúró ti mọ́tò kan, tí aṣọ orí rẹ̀ ti tú. Àyà rẹ̀ kọ́kọ́ já. Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, inú rẹ̀ dùn. Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

"Ọkọ ẹ̀ ni? Òun náà ti wá mọ̀nà ibí? Fún un ní nọ́ńbà, kó tò."

"Ọ̀gá, ó ní kò lè mí o. Ẹ sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé..."

"Ṣé ìwọ lo kọ ọ́ ni? Ọkùnrin tó bá ti jẹun yó ló máa ń ní òun ò lè mí."

Kò tán síbẹ̀. Ó lọ sójú fèrèsé fúnra rẹ̀, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo àwọn tó wà níta lè gbọ́: "Kò sẹ́ni tó sàn ju ọkọ mi tó ti kú lọ níbí! Kó lọ sẹ́yìn gbogbo wọn, kó mọ bó ṣe ń rí níbẹ̀!"

Obìnrin yẹn gba páálí náà, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé ẹ ti ya wèrè ni? Ọkọ mi mà ni mo ní!"

Ìyá arúgbó kan dìde lórí àga, ó ní kí wọ́n fún ẹni náà ní ipò òun.

"Ẹ jókòó, mà. A kì í ta ipò níbí."

Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan ti já wọ ẹnu géètì pẹ̀lú eré, tí òógùn bò ó. "Níbo ló wà? Wọ́n ti gbé e wọlé?" Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó ń mí bí ẹni tí ajá ń lé.

Ìyá Ẹ-Tò wò ó. Bí eléyìí bá ń sáré kiri níta, ọkọ ta ló wà nínú mọ́tò?

Ìgbà náà lọ̀rọ̀ yé e. Ìyàwó yìí bá ọmọ òun nílé nígbà tó ṣì ń rá, kò sì pe ọmọ náà lórúkọ rí láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Ọkọ mi láàárọ̀, ọkọ mi lálẹ́. Òun fúnra òun ló máa ń bá a ṣàwàdà nígbà tí inú ṣì dùn, pé, "Ọkọ ẹ ti tọ̀ sára o, wá pààrọ̀ aṣọ fún un." Ikọ́ fée sì ti ń bá ọmọ náà jà láti kékeré.

Ó sáré jáde, àwọn nọ́ńbà fọ́n ká sílẹ̀. Ọmọ náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú mọ́tò, ètè rẹ̀ ti dúdú, ihò ọrùn rẹ̀ ń wọlé ń jáde. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbé e, tí Ìyá Ẹ-Tò ń ké pe dókítà níwájú. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Ó dúró níbẹ̀, àwọn aláìsàn ń wò ó, kò sì sẹ́ni tó fi àga lọ̀ ọ́. Ó bẹ Ọlọ́run, ó bẹ òkú ọkọ rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Nígbà tí dókítà ṣílẹ̀kùn, ó ní èémí ti padà, pé bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ìyá Ẹ-Tò wọlé, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn àyẹ̀wò, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà yọ ìbòmú òògùn náà díẹ̀. "Ẹ bá mi pe ìyàwó mi."

"Ìyá ẹ rèé, ọmọ mi. Èmi rèé."

"Mo mọ̀. Mo gbọ́ ohùn yín nígbà tẹ́ ẹ ní kí n lọ sẹ́yìn gbogbo wọn."

Ó dá ìbòmú padà, ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìyá Ẹ-Tò dìde, ó sì kúrò lọ́nà fún un.