Àbẹ̀kẹ́, Adùn Tí Mo Fún Ọ Kò Dé Inú Ẹ̀jẹ̀

Yéè, Ràbíátù Àbẹ̀kẹ́! Ó wá di ojú àlá o. Ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, ta ni kí n máa pè nínú àgbàlá wa ní Dapoya, ní ìlú Wagadugu níbí? Aya rere, ẹlẹ́yinjú àánú, tó ń fi Mòoré, èdè àwọn onílẹ̀ ibí, pa àwọn onílé pàápàá lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àtọ̀gbẹ mú ọ, tí o bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlínì, nọ́ọ̀sì kọ́ wa pé tô, ọkà tí wọ́n ń fi bàbà rò níbí, ìrẹsì àti búrẹ́dì, ṣúgà ló so pọ̀ nínú gbogbo wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Inú ló ń tú u kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo kó gbogbo ṣúgà ilé dànù, mo ra àwọn hóró kéékèèké ti ilé ìpògùn, tó dùn ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ṣúgà. O ní, "Alájì, ẹ jẹ́ kí n fi ṣúgà díẹ̀ pamọ́. Nọ́ọ̀sì ní ti inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì." Mo ní ọ̀kánjúwà ni. O rẹ́rìn-ín, o ní, "D'accord, mo ti gbà, ẹ̀yin lẹ mọ̀."

Ní ọ̀sán Jímọ̀ yẹn, o ti gba abẹ́rẹ́, oúnjẹ sì pẹ́. Òógùn bò ọ́, ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n, o ní kí n fún ọ ní nǹkan dídùn. Mo po hóró mẹ́rin sínú tíì. O mu ún tán, o dúpẹ́, o ní, "Ó dùn. Barka." Mo jókòó tì ọ́, mò ń retí kí ara rẹ balẹ̀. Ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta ṣúgà gidi kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà wa, Àbẹ̀kẹ́. Mo jókòó títí o fi dákú, tí o kò sì jí mọ́.

Lẹ́yìn náà ni dókítà ṣàlàyé pé ahọ́n nìkan ni hóró yẹn ń tàn. Ẹ̀jẹ̀ kò rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀ tó lè gbé fún ọpọlọ. Èmi tí mò ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, tí mo lè dijú mọ ayédèrú!

Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo tọ́jú rẹ. Mo ń tọrọ ìdáríjì, o kò sì lè dá mi lóhùn mọ́. Kí Ọlọ́run fi Alujanna ṣe ilé rẹ. Sùn re o, aya mi, má rántí tíì yẹn.

Ọkọ rẹ