Télọ̀ Mi Yọ Fèrèsé Sára Àpò Tí Mo Fẹ́ Fi Fọ Fíìmù

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ télọ̀ Ìbarà o!

Mo fẹ́ máa fọ fíìmù kámẹ́rà mi fúnra mi nílé. Mo ti ra agolo rẹ̀, mo ti ra oògùn rẹ̀. Àpò dúdú ló kù, èyí tí mo máa ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ kí n lè ká fíìmù sínú agolo láìsí ìmọ́lẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án pẹ́nrẹ́n, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Fọ́tò màmá mi àgbà l'Ówódé ló sì wà nínú fíìmù ọ̀hún, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bèèrè rẹ̀.

Mo gbé aṣọ dúdú tó nípọn fún Ìyá Ràfíà, télọ̀ wa. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Mo lọ gbà á lónìí. Fèrèsé náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara ló wà láàárín àpò!

"Mà, kí lèyí?"

"Ṣé o fẹ́ máa ṣiṣẹ́ bí afọ́jú ni? Oore ni mo ṣe ẹ́."

"Mo ní ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ wọlé!"

"Fèrèsé bíńtín yìí náà?"

Inú bí mi, mo ki orí bọ inú àpò kí n lè fi hàn wọ́n. Ojú wọn ni mo bá pàdé lẹ́nu fèrèsé, ẹ̀rín kún ẹnu wọn.

"Ṣó o rí i? Gbogbo nǹkan ló hàn kedere!"

Wọ́n tún ti gbé fọ́tò àpò náà sí sítátọ́ọ̀sì Wásáàpù wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ "ẹ bá mi rán tèmi" síbẹ̀, ẹ jáde síbí. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe gan-an?