Máàpù Tó Dán Ju Oko Lọ

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ìwádìí tí mo wà nítòsí Ajíbọ́dé kórìíra ohun méjì: fáìlì tó tóbi, àti ẹni tó bá sọ pé ó yẹ kó tóbi. Bí a bá ti fi dróònù ya oko kan tán, á ní kí kọ̀ǹpútà fún àwòrán náà pọ̀ títí yóò fi kéré tó ohun tó ṣeé fi fóònù ránṣẹ́. Ohun tí ẹ̀rọ náà bá kà sí kékeré, á dà á nù, á fi àwọ̀ tó yí i ká dí ojú rẹ̀. Ọ̀gá ń pe ìyẹn ní ọgbọ́n. Ìmẹ́lẹ́ tó wọ kóòtù ni lójú tèmi.

Nígbà tí a ya oko ẹ̀gẹ́ àbúrò ìyá mi ní Ìjàyè, mo rí àmì pupa rúsúrúsú wẹ́wẹ́ lẹ́bàá odò. Àrùn tó ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ká kò ni. Nínú àwòrán tí ọ̀gá fún pọ̀, kò sí ẹyọ kan. Gbogbo oko tutù yọ̀yọ̀.

"Sà, àrùn yẹn ti pa rẹ́ nínú tiyín."

"Ìdọ̀tí àwòrán lásán nìyẹn. Kò sóhun tó ń sọnù. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ kí nǹkan klíà."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà! Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọ̀gá tèmi, ojú àwòrán ló ti ń pẹ̀ka tirẹ̀. Inú bí mi gan-an, nítorí a kì í ta igi ẹ̀gẹ́ nínú ẹbí wa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń wá igi tí yóò gbìn á lọ gé e lọ́fẹ̀ẹ́ lóko ẹni tí tirẹ̀ dára, oko àbúrò ìyá mi ni gbogbo àdúgbò sì ń lọ. Bí igi rẹ̀ bá lárùn, àrùn ni yóò máa pín.

Ọ̀gá fi àwòrán náà ṣe máàpù, ó gbé e síwájú àwọn àgbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dìde, mo ní kí wọ́n má gé igi ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́bàá odò.

"Ẹ má dá a lóhùn," ọ̀gá wí, "ojú ẹ̀ ti mú jù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Máàpù tirẹ̀ kúkú dán. Kò pẹ́ tí ìpàdé tú ká tí wọ́n fi mú àdá lọ sóko àbúrò ìyá mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ewé ká kò láti oko dé oko. Kò sẹ́ni tó bá ọ̀gá mi wí. Ojúde àbúrò ìyá mi ni wọn kò yà sí mọ́.

"Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ mi ló ba tàwọn jẹ́," ó sọ fún mi, kò gbójú sókè.

A tún ya oko àwọn àgbẹ̀ náà, ọ̀gá tún fún àwòrán pọ̀. Àmì náà bo gbogbo àwòrán. Ó ti tóbi ju ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè pa rẹ́ lọ. Ọ̀gá na ìka sí i, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé o rí i báyìí? Mo sọ fún ẹ pé kò sóhun tó ń sọnù."