Etí Ló Fi Ń Tọ́ Ọtí Wò

Tí mo bá gbọ́ tí gáàsì ń dún ṣìì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Kàbà ni mo máa ń rántí. Ìgbà tí dókítà ka ọtí léèwọ̀ fún un tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí dúdú nílé. Gáàsì alápòpọ̀, tí náítírójìn pọ̀ jù nínú rẹ̀, ló ń fẹ́ sínú àgbá irin. Á wá gbé etí lé àgbá náà títí yóò fi ní, "Ó ti mu gáàsì yó." Òun fúnra rẹ̀ kò fi kan ẹnu rí.

Tó bá bu fún wa, kò ní jẹ́ ká tètè mu ún. "Ẹ ní sùúrù, ó ṣì ń rú." Ìgbà tí ìfófòó funfun bá lé téńté ló tó ń gbé ife fúnni.

Níbi ìdána ọmọ rẹ̀, àgbà kan nínú àwọn àna, ará Ògìdì, da ife padà.

"Okun o," ó fi kí i. "Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó pọn ọtí ló ń kọ́kọ́ mu ún."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá mi nawọ́ sí ife náà láti bá ọkọ rẹ̀ mu ún. Àgbà náà mi orí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ife, ó gbé ẹnu kan mì, ó sì tẹjú mọ́ inú rẹ̀.

"Háà! Ohun tí ẹ ti ń mu látọjọ́ yìí nìyí?"