Ẹsẹ Orin Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀

Òórùn sípírítì àti pọ́dà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tí a ti máa ń pàdé ní Ìbàfò. Sípírítì tó fi ń nu kílípà, pọ́dà tó ń dà sí ọrùn àwọn oníbàárà, àti òórùn irun tó ti gbóná díẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kì í sábà gẹrun mọ́. Á gbálẹ̀, á gbé sípíkà dúdú rẹ̀ sórí tábìlì níwájú dígí, àwa tí a fẹ́ràn orin àtijọ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mẹ́rin péré ni wá: onígbàjámọ̀ fúnra rẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọkọ̀ táńkà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Táńkà, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ní Magboro, àti èmi tí mo ń ránṣọ ní Mowe.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ẹnì kan á béèrè lórí fóònù, níbi tí a jọ ń kọ̀wé síra wa, pé, "Kí lẹ ń gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí?" Kálukú á dárúkọ àwo tó wà létí rẹ̀. Ẹni tí àwo tirẹ̀ bá ṣàjèjì sí àwọn yòókù ni yóò gbé e wá lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni náà ni yóò jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń gẹrun, àga tó ń yí yẹn, bí ọba, a ó sì gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èèwọ̀ ni kí a fo orin kankan. Ṣùgbọ́n a ò ṣe òfin kankan pé kí ènìyàn pa ẹnu mọ́, ibẹ̀ sì ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó ń gbé ní Ìfọ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó wà lára àwọn ẹlẹ́gbè ìyá kan tó ń kọ wákà, tí wọ́n máa ń pè síbi ìkómọ àti síbi tí wọ́n bá ti ń kí àwọn tó ti Mẹ́kà dé káàbọ̀. Ẹ mọ iṣẹ́ ẹlẹ́gbè. Ohun tí ìyá bá dá ni wọ́n á gbè, kò sí ẹni tó ń mọ ohùn ta ni èwo nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe àwo kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe láyé wọn, ìyá náà ní kí ẹ̀gbọ́n mi dá ẹsẹ kan kọ níparí apá kejì. Ẹsẹ náà kò gùn. Ohùn rẹ̀ á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà sílẹ̀, á dúró lókè níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ìlù tó wọlé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ ara mi á ṣì bù máṣọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé, yàtọ̀ sí àwa ará ilé, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan béèrè pé ta ló ni ohùn yẹn. Àwo náà kò tà. Kásẹ́ẹ̀tì kan péré ló kù lọ́wọ́ wa, ohùn inú rẹ̀ sì ti ń sá. Mo gbé e lọ bá ẹnì kan ní Mowe tó ń kó orin kásẹ́ẹ̀tì sínú fíláàṣì. Ìgbà àkọ́kọ́, ìwàásù ló kó síbẹ̀ fún mi. Ìgbà kejì, apá kan ṣoṣo ló kó. Nígbà tó máa fi kó o tán, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n mú àwo mi, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ wá jókòó pẹ̀lú wa. Ẹ wá wo bí àwọn tó mọ orin ṣe máa gbọ́ yín."

"Kí n wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fárí fún ọkùnrin?"

"Obìnrin ń bẹ nínú wa, mà. Nọ́ọ̀sì ni."

Ó rò ó títí. Ó ní, "Màá wá. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ fún wọn pé èmi ni. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á kàn máa pọ́n mi ni." Mo ṣèlérí fún un.

Lọ́jọ́ náà, súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró ní Ajuwọn, ó pẹ́ kó tó dé. Bàbá Táńkà ti ń kanra. Ó ní, "Télọ̀, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa kọ orin yẹn fún wa ni, tá a fi ń dúró dè é?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí itọ́ pa mí lórí. Ẹ̀gbọ́n mi dé pẹ̀lú híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Táńkà, ó sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì lórí bẹ́ǹṣì. Mo gun àga, mo tẹ fíláàṣì náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín: àwọn tó sọ pé àwọn fẹ́ràn orin, ọ̀rọ̀ nípa orin ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ràn. Orin àkọ́kọ́ kò tíì dé àárín tí onígbàjámọ̀ ti dìde lọ ń tún sípíkà ṣe, ó ní báàsì rẹ̀ kò wúwo. Fóònù nọ́ọ̀sì dún, ó gbé e, ó sì ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ikọ́ fún ẹni tó pè é. Ọkùnrin kan yọjú pé òun fẹ́ gẹrun, wọ́n sì fi orin kan gbáko bá a jiyàn pé ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ irun. Mo ń wo ojú ẹ̀gbọ́n mi nínú dígí. Ó káwọ́ lé itan, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ sí ìlù.

Nígbà tí apá kìíní parí, mo bẹ̀ wọ́n. "Ẹ dákun, apá kejì ló dùn jù. Ẹ jẹ́ ká fetí sílẹ̀."

Onígbàjámọ̀ ní, "A ò fetí sílẹ̀ ni? Etí la fi ń gbọ́, ẹnu la fi ń sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ò bára wọn jà."

Wọ́n gbìyànjú díẹ̀, n ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àfi bí Bàbá Táńkà ṣe na ẹsẹ̀, tó ní, "Kò burú o. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò dá nǹkan kan sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ wákà ló ti jí gbogbo ọ̀nà orin rẹ̀ kó."

"Ẹ dákun, sà, ta ló jí kí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi gan-an yí àga padà.

"Ẹ má bínú, ìyá. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo sọ."

"Gbogbo ayé wo? Obìnrin Ìjẹ̀bú yẹn ló máa ń wá jókòó sẹ́yìn ní Ìfọ̀, tó ń gbọ́, tó ń lọ kọ ọ́ nílé. Ta ló kọ́kọ́ ṣe àwo nínú àwọn méjèèjì?"

"Ìyá, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ni?"

Mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó ní, "Mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbè sí i lẹ́yìn, onígbàjámọ̀ gbè sẹ́yìn Bàbá Táńkà, ariwo bá sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde dúró, ó kẹ̀yìn sí sípíkà, ó ń na ìka. Ìgbà náà gan-an ni ẹsẹ náà dé. Mo gbọ́ bí ohùn rẹ̀ tìgbà ọmọge ṣe ń gòkè lẹ́yìn rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ tòní sì ń pariwo níwájú mi pé, "Ẹ má parọ́ mọ́ olóore!" Mo ní, "Ẹ dákẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Ohùn náà dúró lókè níbẹ̀, ìlù wọlé, ó tán.

Mo sìn ín dé ẹ̀bá títì láti wọ ọkọ̀. Ẹnu mi gùn. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹsẹ yín ti kọjá."

"Mo gbọ́ ọ. Ohùn ara mi, kí n má mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló dé tí ẹ ò dákẹ́ nígbà náà?"

Ó wò mí bí ìgbà tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀ ọmọdé. "Kí n máa gbọ́ ara mi, kí bàbá yẹn máa bú ìyá olórin wa?" Ó wọ ọkọ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan béèrè ohun tí a ń gbọ́. Bàbá Táńkà, tó ti gba orin náà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, kọ̀wé pé: "Àwo Télọ̀ ni mo ṣì ń gbọ́. Ta ni obìnrin tó gba ẹsẹ tó parí apá kejì yẹn? Mo ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà láti àná. Omijé bọ́ lójú mi." Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè láti kékeré nìyí, mo sì ti ṣèlérí. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ọ̀rọ̀ náà sí i létí, mo bẹ̀ ẹ́ kó tú mi sílẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún un pé ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́gbè ni."

Ohun tí mo kọ nìyẹn. Èsì Bàbá Táńkà kò pẹ́ dé: "Áà! Bí ẹlẹ́gbè bá mọ̀ ọ́n kọ tó yìí, ìyá yẹn kì í ṣe olè o. Mo gbà fún un." Nígbà tí mo ka ìyẹn náà fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ké "Alhamdulillahi" bí ẹni tó jàre ẹjọ́ ní kóòtù. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ní kí n bá òun kí bàbá náà. Tèmi kò dùn títí di òní. Mo ti wá mọ̀ pé olórin ni mo fẹ́ sọ ọ́ dà, kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn ìyá tó ń gbè fún, bẹ́ẹ̀ ìyá náà ti kú tipẹ́.